George Stephenson, Baba Robert: Òṣìṣẹ́ Ibi Ìwa-Èédú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú-irin rí, ìbáà ṣe láti Èkó lọ sí Kánò, ìbáà ṣe láti Sekondi lọ sí Kùmásí, ti jẹ nínú èrè làálàá ọkùnrin kan tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ títí ó fi tó ọmọ ọdún 18. Orúkọ ọkùnrin náà ni George Stephenson. A ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé nípa àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì mọ orúkọ ọkọ̀ tí a ń pè ní Rocket dáradára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ wá sílé ní alẹ́ pẹ̀lú èédú ní ara, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó bọ́ baba tí ojú rẹ̀ fọ́, àti gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú, tí ó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un láti tọ́.

A bí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún 1781, ní abúlé Wylam lẹ́bàá odò Tyne ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ibùsọ̀ 9 sí ìlú Newcastle. Robert ni orúkọ baba rẹ̀, Mabel ni orúkọ ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀wé nínú àwọn méjèèjì. Èédú ni ọrọ̀ ilẹ̀ náà, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí wà ní Enugu ní ọdún 1915. Omi a máa sun sínú àwọn kòtò tí a ti ń wà á, nítorí náà ẹ̀rọ ńlá kan ní láti máa fa omi náà jáde tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ baba George sì ni láti máa ko èédú sí iná ẹ̀rọ náà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣílè 12 lọ́sẹ̀, ọmọ mẹ́fà ni ó sì ń fi bọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé nínú ilé kan tí àwọn ìdílé mìíràn tún wà. Níwájú ẹnu-ọ̀nà ilé náà gan-an ni ojú-ọ̀nà onípákó kan gbà kọjá, tí àwọn ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ èédú lórí rẹ̀ lọ sí etí odò. Ohun tí ọmọ náà ń wò láràárọ̀ nìyí. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.

Kò sí owó ilé-ìwé, nítorí náà a fi í sí ẹnu iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti máa ṣọ́ màlúù opó kan kí wọn má baà ya sí ojú-ọ̀nà èédú, kọ́bọ̀ méjì ni ó sì ń gbà lóòjọ́. Nígbà tí ó bá jókòó ti màlúù, amọ̀ ni ó fi ń mọ ẹ̀rọ kékeré bí èyí tí baba rẹ̀ ń dáná sí. Lẹ́yìn èyí ó ń ṣa òkúta kúrò nínú èédú, sísì kan lóòjọ́. Ó da ẹṣin tí ń yí ẹ̀rọ. Ó di igbákejì baba rẹ̀ nídìí iná, ṣílè kan lóòjọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, a fi í ṣe olùtọ́jú ẹ̀rọ ní Newburn, níbi tí baba rẹ̀ ti ń dáná sí ẹ̀rọ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ di ọ̀gá baba rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ìjà láàárín wọn. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dá, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba afẹ́fẹ́, òun a máa tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, a nù ún, a sì tún un tò, títí ó fi mọ ibi tí gbogbo irin rẹ̀ gbé wà bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé ìwé kan wà tí ó ṣàlàyé àwọn ẹ̀rọ tí ó dára ju tirẹ̀ lọ, kò sì lè kà á. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní abúlé lálẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń san tọ́rọ́ kan lọ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ A, B, D pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ìṣirò ni ó yá a lára jù. A máa mú síléètì lọ sí ìdí ẹ̀rọ, nígbà tí ẹ̀rọ bá sì ń lọ déédéé, a ṣe ìṣirò tí olùkọ́ fún un. Ìwé kíkọ ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí ó di ènìyàn ńlá, àwọn akọ̀wé ni ó ń kọ lẹ́tà fún un.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1802, ó gbé Frances Henderson ní ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Newburn. Fanny ni wọ́n ń pè é, ó ń ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, ó sì ju ọkọ rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ọdún 12. Àwọn kan lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka bí wọ́n ti gbé pọ̀ kò ní rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó lọ sí Willington Quay, níbi tí George ti ń darí ẹ̀rọ tí ń fa ẹrù gòkè. Owó kò tó, nítorí náà lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí 12, ó ń tún bàtà àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ti sọ, iná ṣẹ́yọ nínú ihò èéfín ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kan, àwọn aládùúgbò da omi sí i, omi àti èéfín sì ba aago rẹ̀ jẹ́. Kò lówó tí yóò fi gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ aago, nítorí náà ó tú u fúnra rẹ̀, ó sì rìn. Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń gbé aago wá fún un.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, ọdún 1803, a bí Robert. Ní 1804 wọ́n kó lọ sí West Moor ní Killingworth. Ní 1805 Fanny bí ọmọbìnrin kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọmọ náà lò láyé. Ara ìyá kò yá mọ́, ikọ́ ife wọ̀ ọ́ lára, ó sì kú ní ọdún 1806, nígbà tí Robert kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

George fi ọmọ náà sọ́dọ̀ obìnrin kan, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Montrose ní ilẹ̀ Scotland láti lọ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan níbẹ̀. Ó fi ṣílè lé ṣílè títí ó fi ní £28, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ohun tí ó bá nílé ni pé ìjàmbá ti ṣe baba rẹ̀: arúgbó náà wà nínú ẹ̀rọ tí ó ń tún ṣe nígbà tí ẹnì kan ṣèèṣì ṣí ooru omi gbígbóná sílẹ̀, ó tú sí i lójú, ojú méjèèjì sì fọ́. Gbèsè ti wọ ilé. George fi £15 nínú owó rẹ̀ san gbèsè náà, ó gbé àwọn òbí rẹ̀ wá sí tòsí ara rẹ̀, ó sì ń bọ́ wọn títí wọ́n fi kú. Àsìkò náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Faransé jà, a ń fi kèké mú àwọn ọkùnrin sí iṣẹ́ ológun, kèké sì mú George. Ó fi owó tí ó kù sí i lọ́wọ́, ó sì yá owó kún un, ó san án fún ẹlòmíràn tí ó lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ wò ó: aya ti kú, baba ti fọ́jú, owó tán, ọmọ kékeré ń bẹ nílẹ̀. Ó rò ó láti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò ní owó ọkọ̀. Bí ó bá ní i ni, bóyá a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀. Eleanor arábìnrin rẹ̀, tí kò tíì lọ́kọ, ni ó wá ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, tí ó sì tọ́ Robert bí ìyá.

Ìyípadà dé ní ọdún 1811. Ẹ̀rọ tuntun kan tí a gbé sí kòtò High Pit ní Killingworth kò lè fa omi tán, àwọn ẹnjiníà sì ti wá wò ó tì. George wò ó, ó ní òun lè tún un ṣe, wọ́n sì gbà á láyè nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ kòtò gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ sì wọlé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a fi í ṣe olórí gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀, £100 lọ́dún.

Kí ni ó kọ́kọ́ fi owó náà ṣe? Ilé-ìwé Robert ni. Ọmọ náà ti wà ní ilé-ìwé kékeré ní Longbenton tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, baba rẹ̀ fi í sí ilé-ìwé Dókítà Bruce ní Newcastle, ibi tí ọmọ àwọn ọlọ́rọ̀ ń lọ, ó sì ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan fún un láti máa gùn lọ, gùn bọ̀. Ohun tí ọmọ bá kọ́ lọ́sàn-án ni baba ń kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ilé ìkàwé ní Newcastle; Robert a máa yá ìwé níbẹ̀ wá sílé, èyí tí a kò bá sì gbà kí ó gbé jáde, a ya àwòrán inú rẹ̀, a sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún baba rẹ̀. Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ìṣirò òjìji oòrùn, wọ́n gbẹ́ òkúta kan tí ń fi òjìji sọ wákàtí, wọ́n sì kàn án mọ́ òkè ẹnu-ọ̀nà ilé wọn. Ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, 1816, ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àtùpà. Afẹ́fẹ́ kan ń bẹ nínú kòtò èédú tí ń gbiná bí ó bá kan iná àtùpà. Ní 1812, ní Felling nítòsí Newcastle, ó pa ènìyàn 92 ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọdékùnrin sì wà nínú wọn. George rò pé bí afẹ́fẹ́ bá gba ojú ihò tóóró wọ inú àtùpà, iná inú rẹ̀ kò ní lè gba ihò náà jáde. Ó ní kí a ṣe irú àtùpà bẹ́ẹ̀ fún òun. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá, 1815, ó gbé e wọ inú kòtò Killingworth, ó sì nà án sí ibi tí afẹ́fẹ́ búburú náà ti ń tú jáde. Àwọn tí ó bá a lọ sá sẹ́yìn, òun nìkan ni ó dé ibẹ̀. Robert pé ọmọ ọdún 12 ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ìrònú baba rẹ̀ bá kùnà, ọmọ aláìní ìyá àti baba ni ì bá dà. Ṣùgbọ́n kòtò náà kò gbiná.

Ní ìgbà kan náà, Sir Humphry Davy, ògúnná gbòǹgbò onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àtùpà tirẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n wáyà wẹ́wẹ́, kò sì mọ̀ nípa ti George. A fún Davy ní £2,000, a sì fún George ní £105. Èyí tí ó burú ju ti owó lọ ni pé Davy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe òṣìṣẹ́ náà ní olè, nítorí wọn kò gbà pé ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé lè rò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn Newcastle kò gbà. Ní 1817 ìgbìmọ̀ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n dá a láre, wọ́n sì dá £1,000 jọ fún un. Ní 1833 ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pẹ̀lú jẹ́rìí pé ẹ̀tọ́ George nínú iṣẹ́ náà kò kéré sí ti Davy. Ṣùgbọ́n egbò náà kò jinná nínú rẹ̀, ìfura rẹ̀ sí àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù kò sì tán mọ́.

Ní ti ọkọ̀ ojú-irin, ó yẹ kí a sọ òtítọ́. George kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ tí ooru omi ń wà lórí irin. Richard Trevithick ti ṣe é ní 1804. Ohun tí George ṣe ni pé kò jẹ́ kí ó kú. Ó ṣe ti àkọ́kọ́, Blücher, ní 1814, ó fa èédú tí ó tó tọ́ọ̀nù 30 gun òkè ní ibùsọ̀ mẹ́rin ní wákàtí kan, ó sì ń tún irin àti ẹ̀rọ ṣe lọ́dọọdún láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, 1825, a ṣí ọ̀nà Stockton àti Darlington, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wa ọkọ̀ náà níṣojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.

Ọdún 1825 náà ni ojú tì í jù. Ó lọ jẹ́rìí ní ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù nítorí ọ̀nà tí a fẹ́ là láti Liverpool sí Manchester. Àwọn tí ó rán láti wọn ilẹ̀ ti ṣe àṣìṣe, òun kò sì yẹ iṣẹ́ wọn wò dáadáa. Lọ́yà kan tí ń jẹ́ Alderson fi ìbéèrè kàn án mọ́ ògiri, àwọn mìíràn sì ń fi èdè abúlé rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Òfin náà ṣubú, a sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Robert, tí ì bá dúró tì í, ti lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà láti 1824, kò sì padà títí di 1827. Ní 1826 ilé aṣòfin gbà kí a la ọ̀nà náà, àwọn tí ó ni iṣẹ́ sì tún pe George padà. Àbàtà Chat Moss, tí ọ̀nà náà gbà kọjá fún ibùsọ̀ tí ó ju mẹ́rin lọ, ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti sọ pé kò sí ẹni tí ó lè la ọ̀nà sí. Gbogbo ohun tí a bá dà sí i ni ó ń gbé mì. George kó ẹ̀ka igi àti ìdì koríko lé e ní ìpele-ìpele títí ọ̀nà irin fi léfòó lórí rẹ̀ bí ọ̀pọ́n lórí omi. Ọkọ̀ ojú-irin ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní.

Ní oṣù kẹwàá 1829, a ṣe ìdíje ní Rainhill fún £500. Rocket nìkan ni ó parí iṣẹ́ tí a là sílẹ̀, ó sì sáré tó ibùsọ̀ 29 ní wákàtí kan. Ọwọ́ Robert ni ó pọ̀ jù lára ọkọ̀ náà, baba rẹ̀ sì ń fi í yangàn. Ní ọjọ́ tí a ṣí ọ̀nà náà, ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 1830, Rocket kan náà kọlu William Huskisson, ọmọ ilé aṣòfin. George gbé e sí ọkọ̀ mìíràn, ó sì fi eré tete wà á lọ sí Eccles fún ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kú ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 àbọ̀ ni ìbú ọ̀nà irin tí George lò, láti ara ọ̀nà àwọn ẹṣin ibi ìwa-èédú ni ó sì ti mú un. Ọ̀nà irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là láti Èkó, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, tóóró ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun Abújá sí Kàdúná tí a ṣí ní 2016, àti ti Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 2021, ìbú ti George gan-an ni a fi là wọ́n.

Èmi kò ní sọ pé ọkùnrin náà kò ní àbùkù. Olórí kunkun ni, kì í fẹ́ kí a takò ó, kì í sì í yára yin àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Ó dé ipò ọlá, ṣùgbọ́n kò gba oyè Sir. Ní 1820 ó gbé Elizabeth Hindmarsh níyàwó, ọmọ àgbẹ̀ kan tí baba rẹ̀ ti kọ George fún un nígbà èwe nítorí pé òṣìṣẹ́ kòtò èédú ni. Obìnrin náà dúró dè é, kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ó kú ní 1845 láìbímọ. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ní Tapton House ní Chesterfield, oko ni ó gbájú mọ́. Ó gbin ọ̀pẹ̀-òyìnbó sínú ilé onígíláàsì, ohun tí ó rọrùn fún wa níhìn-ín, tí ó sì ná an lówó púpọ̀. Ó sì ń ti kùkúńbà bọ inú páìpù gíláàsì kí ó má baà wọ́. Ní oṣù kìíní 1848 ó gbé Ellen Gregory, tí ń tọ́jú ilé rẹ̀, níyàwó. Àìsàn àyà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà, ní ẹni ọdún 67. A sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Chesterfield, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elizabeth.

Robert parí afárá ńlá Newcastle ní 1849 àti ti Britannia ní Wales ní 1850. Fanny ni orúkọ aya òun náà, bíi ti ìyá rẹ̀. Ó kú ní 1842, wọn kò sì bímọ. Nígbà tí Robert kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, 1859, a sin ín sí Westminster Abbey láàárín àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé kékeré West Moor ṣì wà, òkúta tí baba àti ọmọ gbẹ́ sì wà lókè ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ síbẹ̀.